Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn dùn dùn kí onílé má relé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì kà á sí nǹkan bàbàrà. Èrò mi ni pé bó ti wù kí ìgbádùn pọ̀ tó níbi tí èèyàn lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò di ẹrù rẹ̀. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2024, nínú ọgbà kan létí òkun nílẹ̀ Faransé, níbi tí mo dúró tí mo ń fi aṣọ nu ìkòkò, ni ìyá tó bí mi lọ́mọ wá túmọ̀ òwe náà fún mi. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni à ń gbé. Àwa márùn-ún la wà nílé nígbà náà: èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì wa, Táyé tó jẹ́ ọkùnrin àti Kẹ́hìndé tó jẹ́ obìnrin, àti Màmá. Ní 2008 tí a bí àwọn ìbejì, Màmá wá láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ̀ wọ́n, wọ́n lo oṣù márùn-ún, wọ́n sì padà sílé. Ní 2010, bàbá wa jáde láyé. Ó wá ku Màmá nìkan nínú ilé Òkè-Àdó. Mo sáré sókè, mo sáré sódò, mo gba lọ́yà, mo kó ìwé jọ bí ẹni kó ewé jọ, nígbà tó di 2011 ìjọba gbà kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Orí ló bá wa ṣe é, nítorí oṣù keje ọdún 2012 ni ìjọba yí òfin náà padà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ìyá òun wá báyìí, ojú rẹ̀ á rí màbo. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìwé yìí o, nítorí òun náà ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ.

Kẹ́hìndé ló mú àbá ọkọ̀ wá. Àwọn méjèèjì ti ṣe ìdánwò wọn tán ní oṣù kẹfà, èsì rẹ̀ yóò sì jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Ó ní, "Dádì, tí a bá gba hòtẹ́ẹ̀lì fún èèyàn márùn-ún, owó á pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká háyà mọ́tò tí wọ́n ṣe ilé sínú rẹ̀, ká gbé e lọ sí Faransé." Ìyàwó mi fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo gbé mọ́tò ọ̀hún dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìfọwọ́ wà, sítóòfù onígáàsì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan sì wà tí kò fẹ̀ ju pósí lọ. Màmá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fọwọ́ gbá a lára, wọ́n ní:

"Ìgbín rèé. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e."

Bó ṣe di Ìgbín nìyẹn.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover, a sọ̀ ní Calais, a gba ìsàlẹ̀ lọ títí a fi dé Mont-Saint-Michel, òkè kan báyìí tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn lé lórí láàárín omi, kí a tó ṣẹ́rí padà. Kí n má purọ́, inú Ìgbín há. Tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, àwọn mẹ́rin tó kù ní láti bọ́ sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá húkọ́ lóru, gbogbo wa la ó kí i pé pẹ̀lẹ́. Ó rán mi létí yàrá tí wọ́n bí mi sí ní Ìbàdàn, níbi tí àwa mẹ́jọ ń sùn sórí ẹní. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tí n kò rí nílé rí. Fóònù àwọn ọmọ kì í sábà ṣiṣẹ́ ní àwọn ìgbèríko wọ̀nyẹn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, Màmá á bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Táyé tí kò lè sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ tẹ́lẹ̀ wá ń pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́hùn-ún!"

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Màmá kò pàlọ́. Lọ́jọ́ yẹn, a ti yà sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba tó wà ní Bayeux, àwọn tó kú nínú ogun Hitler ní 1944. Sàréè tó wà níbẹ̀ ju 4,000 lọ, òkúta funfun tò lọ bí ẹni gbin àgbàdo, òdòdó wà nídìí kálukú wọn. Màmá ní kí Kẹ́hìndé máa ka ọjọ́ orí wọn fún òun. Mọ́kàndínlógún. Méjìlélógún. Ogún. Wọ́n béèrè pé kí ló dé tí wọn kò gbé òkú wọn relé. Mo ní òfin Ìlú Ọba láyé ìgbà náà ni pé ibi tí ọmọ ogun bá kú sí ni kí wọ́n sin ín sí. Màmá mi orí. Wọ́n ní àbúrò bàbá àwọn tí wọ́n kó lọ jagun ní Bọ́mà ṣorí ire, ó padà wá kú sílé. Wọn kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ ìkẹyìn, Wissant la jí sí. Ìlú kékeré kan létí òkun ni, ó wà láàárín òkè méjì tí wọ́n ń pè ní Cap Gris-Nez àti Cap Blanc-Nez, kò sì jìnnà sí Calais. Ọkọ̀ ojú omi wa yóò gbéra ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a sì ti pinnu pé kí a dé ibùdókọ̀ ní aago méjì ààbọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì gbé irú mọ́tò yìí rí lè rò pé ká kàn kọ́ná sí i ká máa lọ ni. Rárá o! Omi tí a fi fọwọ́, tí a fi fọ abọ́, inú táǹkì kan lábẹ́ ọkọ̀ ló ń wọ̀, a sì gbọ́dọ̀ tú u dà nù síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. A gbọ́dọ̀ ti gáàsì pa lẹ́nu sílíńdà. A gbọ́dọ̀ ti gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù pa, kí ohun tó wà nínú wọn má baà fò jáde lójú ọ̀nà. Èyí tó burú jù nínú wọn ni àpótí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí èèyàn máa fà yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni fa àpótí tábìlì, tí yóò gbé e lọ dà nù, tí yóò sì fi omi ṣàn án. Gègé la máa ń ṣẹ́ lórí iyẹn. Táyé ló mú lọ́jọ́ náà. Ó fi síkáàfù ìyá rẹ̀ di imú, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ru ẹyin, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi àti Màmá kó abọ́ lọ síbi ìfọbọ́. Wọ́n ń fọ̀, mo ń nù.

"Àkànní."

"Màmá."

"Tí a bá délé, bá mi wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì."

"Tíkẹ́ẹ̀tì ibo, Màmá?"

"Ìbàdàn. Àlọ nìkan."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí n kò gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo gbójú sókè. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ṣì ń fọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tipẹ́. Wọ́n ní àwọn ti dúró de ìdánwò àwọn ọmọ. Ìdánwò ti parí. Ọmọ tí àwọn wá wẹ̀ ti ga ju àwọn lọ. Ó ku kí àwọn máa lọ sílé.

"Ilé wo, Màmá? Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló máa tọ́jú yín? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin!"

"Ilé bàbá yín. Àbúrò mi ti ní òun á kó wá bá mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú bí mi. N kò mọ ohun tó bí mi nínú jù, bóyá ọ̀rọ̀ náà ni, tàbí pé wọ́n ti lọ bá ẹlòmíràn dámọ̀ràn. Ni mo bá la ẹnu, mo ní, "Lẹ́yìn gbogbo owó tí mo ná lórí ìwé yín! Lẹ́yìn gbogbo ìyà tí mo jẹ kí ẹ tó lè wọlé! Àwọn èèyàn ń sunkún àtimú ìyá wọn wá, ẹ̀yin ní ẹ fẹ́ padà."

Màmá kò dáhùn. Wọ́n fi omi ṣan ọwọ́, wọ́n nu ún sí ìró wọn, wọ́n sì rìn kúrò. Ìyàwó mi tó ń ká aṣọ nítòsí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Bàbá Ìbejì," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?" Mo dákẹ́.

Nígbà tó fi máa di aago kan, ẹrù ti dì tán. A wo ọ̀tún, a wo òsì, a kò rí Màmá. Kẹ́hìndé náà kò sí. A wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a wo ibi ìwẹ̀, a wo ẹnu géètì. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì, kì, kì. Mo sáré gba ọ̀nà etí òkun.

Níbẹ̀ ni mo ti rí wọn, wọ́n jókòó sórí iyanrìn, Kẹ́hìndé gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀ àgbà. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Níwájú wọn, ní òdìkejì omi, òkè funfun Dover hàn ketekete bí ẹni fi ẹfun kùn ún, nítorí níbi tí òkun yẹn ti há jù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 33 lọ láàárín Faransé àti Ìlú Ọba. Kẹ́hìndé dìde, ó pàdé mi lọ́nà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Dádì, kí lẹ sọ fún Gíránmà?"

Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó ní òun mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní láti oṣù kejì ni òun àti Táyé ti mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan nínú oṣù náà, Màmá ṣubú ní bàlùwẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wa ti jáde, wọn kò sì lè dìde. Orí ilẹ̀ ni òun bá wọn nígbà tí òun ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní aago mẹ́rin. Wọ́n bẹ òun pé kí òun má sọ, kí bàbá òun má baà pa iṣẹ́ tì.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi síbẹ̀síbẹ̀?"

"Ẹ kì í sí nílé, Dádì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó dùn mí jù. Mo ti béèrè níbi ìfọbọ́ pé ta ló máa tọ́jú wọn ní Ìbàdàn. N kò bi ara mi léèrè ẹni tó ń tọ́jú wọn ní Peckham láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje alẹ́.

A wọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wa ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé sì ń dún ní etí mi. Ní Faransé, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà sì ni sítíárìn Ìgbín wà nítorí Lọ́ńdọ̀nù la ti gbé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń ṣọ́ra. Lọ́jọ́ ìkẹyìn yìí, bí a ṣe dé ráńdábáòtù kan lójú ọ̀nà Calais, mo yà sọ́wọ́ òsì wọ̀ọ́ bí ẹni pé Peckham ni mo wà.

"Bàbá Ìbejì! Ọ̀tún! Ọ̀tún!"

Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kanlẹ̀. Ṣé ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ní a gbọ́dọ̀ tì? Èmi ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ mi, n kò sì ti èyí tó wà lókè orí àwọn ìbejì. Gbàà, ó ṣí. Àpò gàrí Ìjẹ̀bú tí Màmá gbé láti Peckham fò jáde, ó balẹ̀ sáàárín ọkọ̀, ó sì tú. Gàrí wọ orí, gàrí wọ etí, gàrí wọ inú bàtà. Táyé funfun bí egúngún. Awakọ̀ Faransé kan tó dúró níwájú wa ju ọwọ́ sókè, ó ń sọ ohun tí Ọlọ́run nìkan gbọ́. Mo fi ọkọ̀ sẹ́yìn, mo yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Màmá láti ẹ̀yìn:

"Ẹni tó ní òun ò fẹ́ kí n lọ fẹ́ fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́run."

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e. Màmá fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ojú tèmi kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan.

Calais ni wọ́n ti ń yẹ ìwé wò ní ìgbà méjì. Àwọn Faransé kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀ pé a ti ń jáde, lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Ìlú Ọba, tí wọ́n ní ọ́fíìsì tiwọn lórí ilẹ̀ Faransé níbẹ̀, gba páásípọ́ọ̀tù wa. Obìnrin tó wà nínú ọ́fíìsì náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí gàrí lórí Táyé, kò sọ nǹkan kan. Ó bi Màmá pẹ̀lú ẹ̀rín pé níbo ni wọ́n ń lọ.

"Ilé," ni Màmá dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì.

Obìnrin náà ní, "Kò kúkú jìnnà mọ́," ó sì dá ìwé wọn padà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí a lọ gba atẹ́gùn. Nígbà tí a dúró ti irin tó wà létí ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀ lójú gbogbo èrò. Mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ló jìn sí kòtò."

"Dìde, àwọn òyìnbó ń wò ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé a kò tọ́jú àwọn. A tọ́jú àwọn dáadáa, aṣọ òtútù àwọn nìkan kún kọ́bọ́ọ̀dù. "Ṣùgbọ́n, Àkànní, ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ṣe àlejò. Mo ta aṣọ ní Gbági fún ogójì ọdún. Tí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Òkè-Àdó, ẹni mẹ́wàá á kí mi kí n tó jẹ ẹ̀kọ kan tán. Yorùbá pọ̀ ní Peckham lóòótọ́, wọ́n sì ń kí mi, àmọ́ wọ́n ń kí mi lọ ni, gbogbo yín lẹ ń sáré. Mo ń wo fèrèsé títí ẹ fi ń dé. Ìgbín ló lè gbé ilé rẹ̀ kiri. Èmi kì í ṣe ìgbín."

Mo wo omi. Wọ́n tún ní, "Àwọn ọmọ tó wà ní Bayeux yẹn, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ sùn sí. Bàbá yín wà nínú ọgbà wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi rìn débẹ̀, kó máa jẹ́ pé ẹ ó máa dá owó láti fi gbé mi."

Kí ni ọmọ lè sọ? Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe Kérésìmesì pọ̀. Wọ́n ní ó dára. Mo ní páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ṣì wà lọ́wọ́ yín, ilẹ̀kùn kò tì, ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ lè padà. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Bí ọjà ni a ṣe ná an, wọ́n sì tà á fún mi ní iye tí wọ́n ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a dé Dover, Táyé yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí aago Faransé fi wákàtí kan ṣáájú ti Ìlú Ọba. Ọkọ̀ tó gbéra ní aago mẹ́rin gúnlẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Màmá ní, "Wákàtí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ní àlọ ni wọ́n dá padà yẹn." Mo rò ó lọ́kàn mi pé ì bá dára ká ní wọ́n lè dá ọdún mẹ́tàlá padà bẹ́ẹ̀, n kì bá máa dé ní aago méje.

Títí aago mọ́kànlá alẹ́ ni a fi ń gbá gàrí nínú Ìgbín ní iwájú ilé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dá a padà, ẹni tó gbà á fi ìka ha abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí gàrí níbẹ̀, ó sì yọ nínú owó ìdúró wa. N kò bá a jà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, mo sin Màmá lọ sí Ìbàdàn. Àbúrò wọn ti kó dé. Wọ́n ti kun ilé. Lọ́jọ́ tí a dé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹni tó kí wọn. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, mo dẹ́kun kíkà.

N kò ní sọ pé ọkàn mi balẹ̀. Nígbà òjò ọdún yẹn, ibà dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọn aládùúgbò ló gbé wọn lọ sí ọsibítù kí èmi tó gbọ́. N kò rí oorun sùn lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn le, wọ́n ń bá ẹlẹ́kọ wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago márùn-ún báyìí. Kẹ́hìndé ní ó yẹ kí n ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ìyá tàbí bàbá yín ń gbé lọ́dọ̀ yín nílùú òkèèrè, n kò ní kí ẹ lé wọn lọ sílé o. Àwọn mìíràn wà tí ibẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe kò wúwo: ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ ó máa nu ìkòkò.